Gèlè Florence Nínú Omi Ìjurin

Bámigbóyè Ẹ̀yínadé kì í jẹ obì. Ó tà á títí irun orí rẹ̀ fi funfun, ṣùgbọ́n kì í jẹ ẹ́. Bí ẹ bá bi í léèrè ìdí, yóò ní ó korò. Bí ẹ bá ní ṣebí àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ náà mọ̀ pé ó korò, yóò ní àwọn nìyẹn.

Ọmọ Ìjurin ni. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti ń ra obì gbànja lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, tó ń bó o, tó ń ṣà á, tó ń dì í sínú apẹ̀rẹ̀ fún àwọn Hausa tó ń kó o lọ sókè. Iṣẹ́ obì kì í ṣe iṣẹ́ agbára, iṣẹ́ ewé ni. Ẹni tó bá mọ ewé tò ni obì rẹ̀ kì í gbẹ. Ewé gbòdògì ni Bámigbóyè máa ń lò. Á tẹ́ ẹ sísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, á tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á fi bo orí, á wá máa wọ́n omi sí i láràárọ̀. Bí ewé òkè bá rọ, á tẹ́ tuntun lé e. Obì rẹ̀ máa ń dé Kánò bí ẹni pé àárọ̀ yẹn ni wọ́n bó o. Gbogbo ọjà Ìjerò ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún wọn.

Nígbà tó yá, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ kọ ìrìn. Ó fi obì sílẹ̀, ó jókòó sílé, ó ń wo Florence, aya rẹ̀. Florence náà ń wò ó. Wọ́n wo ara wọn títí Florence fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún ọkọ òun níṣẹ́, ì báà jẹ́ èyí tí kò lówó. Ọlọ́run gbọ́. Iṣẹ́ omi ló fún un.

Odò Ọlọ́pẹ ni wọ́n ń pọn ní àdúgbò wọn tẹ́lẹ̀. Oko kòkó ló yí odò náà ká lápá òkè. Bí àwọn àgbẹ̀ bá ti fín oògùn sí kòkó, tí òjò sì rọ̀, oògùn á ṣàn wọ odò. Omi náà mọ́ lójú, kò sì rùn. Adérìnsọ́lá ló tú àṣírí rẹ̀. Ọmọ tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní àdúgbò náà ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Adó, níbi tí wọ́n ti ń yẹ omi wò. Ó bu omi Ọlọ́pẹ lọ, ó rí oògùn kòkó nínú rẹ̀. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ju ohun tó yẹ kí èèyàn máa mu lójoojúmọ́ lọ. Yanrìn kò lè sẹ́ ẹ, sísè kò sì ràn án. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má mu ún mọ́. Láti ìgbà náà, kànga ẹ̀rọ kan lórí òkè, lódìkejì ìlú, ni wọ́n ń pọn. Florence ń gun òkè náà, ó ń sọ̀ ọ́, ó sì ń bú u lálọ àti lábọ̀.

Lẹ́yìn náà ni Adérìnsọ́lá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ kan tó lè pa oògùn kòkó inú omi odò wá. Ẹ̀rọ ìdánwò ni, ẹyọ kan ṣoṣo. Ìlú méjì ló ń fẹ́ ẹ: Ìjurin ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, Ìdó-Ilé ló tẹ̀ lé e. Àdéhùn wọn ni pé ìgbìmọ̀ kan yóò wá bu omi lẹ́ẹ̀mejì. Bí omi Ìjurin bá yege, ẹ̀rọ di ti Ìjurin. Bó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejèèjì, wọn yóò tú u, wọn yóò gbé e lọ sí Ìdó-Ilé. Wọ́n wá ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó lè jókòó sójú kan ni àwọn ń fẹ́. Gbogbo àdúgbò dárúkọ Bámigbóyè lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìdó-Ilé ni wọ́n bí Florence sí.

“Ẹ má wulẹ̀ dààmú, Bàbá Kẹ́mi,” ni ó wí fún ọkọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. “Bí wọ́n bá gbé e lọ sí ulé wa, màá máa bá yín pọnmi wá láti ibẹ̀.”

“Ẹ̀rọ yìí kò ní í kúrò níhìn-ín,” ni Bámigbóyè fèsì. “Bó bá kúrò, kí wọ́n máa pe èmi náà ní ọmọ Ìdó-Ilé.”

Ó sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní ìpàdé àdúgbò. Ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó fi máa di Sátidé, ó ti dé etí Bọ́lárìnwá, àbúrò Florence, ní Ìdó-Ilé. Bọ́lárìnwá tẹ Bámigbóyè láago.

“Ẹ̀gbọ́n, a ti ń wá ilẹ̀ tí ẹ máa kọ́lé sí o,” ni ó wí.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Omi odò á gba inú yanrìn wọ táǹkì símẹ́ńtì gíga kan. Láti ibẹ̀, á gba páìpù wọ inú àgbá irin kan, gílóòbù gígùn kan sì wà láàárín àgbá náà. Kí omi tó wọ àgbá, oògùn díẹ̀díẹ̀ á máa kán sí i. Háídírójìn pẹróksáìdì ni, irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń dà sójú egbò tó máa ń hó yẹ́ẹ́. Iná òòrùn tó wà lórí páànù ló ń gbé gbogbo rẹ̀.

“Bàbá,” ni Adérìnsọ́lá wí lọ́jọ́ tó ń kọ́ ọ, “oògùn yìí nìkan kò lè fi oògùn kòkó ṣe nǹkan kan. Ọ̀lẹ ni. Iná ló máa là á sí méjì. Bó bá ti là á, inú á bí i gan-an. Ohun tó bá kọ́kọ́ kàn ló máa bù jẹ, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa jẹ oògùn kòkó tán.”

“Iná ló ṣẹ̀ ẹ́, ó wá ń bu ẹlòmíràn jẹ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Mo mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀,” ni Bámigbóyè wí. Kò wo Florence. Florence wò ó.

Iná náà kì í ṣe iná tí ojú ń rí. Àwọ̀ àlùkò díẹ̀ ló máa ń hàn lára rẹ̀. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ gan-an kò hàn, ó sì lè ba ojú jẹ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe dé àgbá náà pa. Ihò kékeré kan ni wọ́n fi sí i, wọ́n fi gíláàsì tó nípọn dí i, torí gíláàsì kì í jẹ́ kí iná burúkú yẹn jáde. Ẹni tó bá fẹ́ wo inú, ibẹ̀ ni yóò gbà. Adérìnsọ́lá wá fi okùn so aṣọ funfun kékeré kan kọ́ ara ògiri inú àgbá, níbi tó jìnnà sí gílóòbù jù. Ọṣẹ oníyẹ̀fun ló fi fọ aṣọ náà. Nǹkan kan wà nínú ọṣẹ yẹn tí iná tí a kò rí máa ń mú kó tàn.

“Bàbá, ẹ máa yọjú wo aṣọ yìí láràárọ̀. Bó bá ń tàn, iná ń la omi já dé ògiri. Bó bá ṣókùnkùn, ẹ pè mí. Ó lè gbó o. Bó bá gbó, ẹ paná, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.”

Bámigbóyè gbọ́ gbogbo rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn ló gbọ́ jù.

Níbẹ̀rẹ̀, nǹkan ń lọ dáadáa. Aṣọ ń tàn bí ojú ọ̀run àárọ̀. Adérìnsọ́lá bu omi lọ sí Adó, ó ní oògùn kòkó ti pòórá. Àwọn obìnrin àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wá pọnmi, wọ́n ń kí Bámigbóyè ní “Bàbá Olómi”, òun náà ń dáhùn láì gbójú sókè, bí ẹni tí wọ́n bí orúkọ náà mọ́.

Ruth, aládùúgbò wọn kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́, ló bà á jẹ́.

“Bàbá Olómi, omi yín dáa,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó dà bí omi tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún ìwẹ̀ ọmọ tuntun.”

Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Bámigbóyè kò rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni: pákó ni wọ́n fi bo táǹkì, òòrùn sì ń pa pákó láti àárọ̀ títí dé ìrọ̀lẹ́. Ó ronú sí i, kò pẹ́ ronú. Ta ní í kọ́ ẹni tó ń ta obì bí nǹkan ṣe ń tutù? Ó ní kí wọ́n bá òun já ewé gbòdògì wá. Ó yọ pákó kúrò, ó fi ọ̀pá oparun dábùú ẹnu táǹkì, ó sì to ewé lé e bó ṣe ń to apẹ̀rẹ̀ obì. Láràárọ̀, á rọra gun àkàbà, orúnkún á máa dún, á wọ́n omi sí ewé kó má baà gbẹ. Bí ewé òkè bá rọ, á tẹ́ tuntun lé e.

Omi tutù. Ruth mu ún, ó ní, “Ẹ̀n-ẹ́n!” Òkìkí omi náà kàn dé Ìdó-Ilé. Florence pàápàá ní, nínú gbogbo nǹkan tí ọkọ òun ti ṣe láyé, èyí ló tutù jù.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí aṣọ inú àgbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn.

“Ó ti gbó,” ni Bámigbóyè wí. Ó paná, ó yọ aṣọ, ó gé etí síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kan, ó fi ọṣẹ oníyẹ̀fun fọ̀ ọ́, ó so ó kọ́. Ó tàn díẹ̀, kò tàn dáadáa. “Síńgílẹ́ẹ̀tì yìí náà ti gbó,” ni ó wí. Ó gé ìdí súrúpílíìsì, aṣọ funfun tó ń wọ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin, níbi tí kò ti hàn. Ìyẹn náà ṣókùnkùn. Kò pe Adérìnsọ́lá. Kí ni yóò sọ fún un? Pé òun, Bàbá Olómi, kò rí àkísà tó dáa so?

Ìgbìmọ̀ wá bu omi. Wọ́n gbé e lọ. Lọ́jọ́ kẹta, Adérìnsọ́lá pè.

“Bàbá, omi yín kò yege o. Oògùn kòkó ti padà síbẹ̀.”

Bámigbóyè fi fóònù sílẹ̀. Kò pẹ́, fóònù tún dún. Bọ́lárìnwá ni.

“Ẹ̀gbọ́n, yàrá mélòó lẹ fẹ́?”

Adérìnsọ́lá ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì láti wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Bámigbóyè kò fẹ́ kí ó bá aṣọ nínú òkùnkùn. Ó wá aṣọ tó funfun jù nínú ilé. Gèlè Florence ni, èyí tó fi ń gba Ìdàpọ̀ Mímọ́, tó fi bébà dì sísàlẹ̀ àpótí. Ó gé etí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ká gèlè padà bó ṣe wà. Ó fọ etí gèlè, ó so ó kọ́. Ó yọjú. Ó ṣókùnkùn síbẹ̀. Nígbà náà ni ó rò ó pé ó ṣeé ṣe kí aṣọ náà jìnnà jù. Bí òtútù bá ń mú èèyàn, ṣé kì í sún mọ́ iná ni? Ó paná, ó fa okùn, ó mú aṣọ náà kúrò lára ògiri, ó so ó sún mọ́ gílóòbù. Ó tan iná. Aṣọ tàn yanran. Inú rẹ̀ dùn. Kò rò ó rárá pé òun ń tan ẹnikẹ́ni jẹ. Lójú rẹ̀, aṣọ ló ṣàìsàn, òun sì ti wò ó sàn.

Adérìnsọ́lá dé, ó yọjú níbi gíláàsì, ó rí i pé aṣọ ń tàn.

“Iná ń wọlé dáadáa,” ni ó wí. Ó gbójú sókè wo táǹkì. “Bàbá, kí lẹ fi bo ibẹ̀ yẹn?”

“Ewé ni. Kí omi lè tutù.”

“Ó dáa, kí eruku má wọ̀ ọ́.” Kò gun àkàbà. Ó ní bí iná bá dáa, á jẹ́ pé oògùn ló kéré. Ó yí kọ́ọ̀kì oògùn sókè, ó bu omi, ó wọkọ̀ padà sí Adó. Nígbà tó pè, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

“Bàbá, mi ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Oògùn pọ̀ sí i, omi tún burú sí i. Ọjọ́bọ̀ ni ìgbìmọ̀ máa wá bu ti ìkẹyìn.”

Bámigbóyè kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Iyán ni Florence gún. Ìgbà yẹn ni Florence mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Florence ń múra ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Ó ṣí àpótí, ó tú bébà, ó na gèlè. Ó tún un nà. Lẹ́yìn náà, igbe rẹ̀ ṣáájú òun fúnra rẹ̀ dé ìdí ẹ̀rọ.

“Bàbá Kẹ́mi! Èkúté ilé wa ti ń lo àlùmọ́gàjí!”

Bámigbóyè dìde. “Èkúté wo?”

“Èyí tí orúnkún ń dùn! Níbo ni etí gèlè mi wà?”

Kò sí ibi tí yóò sá gbà. Ó paná, ó ṣí àgbá, ó yọ etí gèlè jáde, ó nà án sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ẹni ń fún ọba ní nǹkan. Florence gbà á. Ó ti gbé bàsíà funfun rẹ̀ lọ́wọ́ wá, èyí tó fi ń fọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, torí ó ti pinnu pé ibikíbi tí òun bá ti rí aṣọ náà ni òun yóò ti fọ̀ ọ́ kí òun tó rán an padà. Ó ṣí kọ́ọ̀kì kan tó wà lára táǹkì, èyí tó ṣáájú àgbá, ó rọ omi kún bàsíà. Ó dúró. Ó wo bàsíà.

“Àgbo wo lẹ gbé fún mi yìí?”

“Omi ni, Florence.”

“Ẹ wá wò ó. Ó pọ́n. Ó dà bí tíì tí wọ́n fi àpò kékeré kan ṣoṣo pò fún gbogbo ilé.”

Bámigbóyè wo inú bàsíà. Kórobá dúdú ni gbogbo èèyàn fi ń pọnmi níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ti wo omi náà lórí funfun rí. Ó gbé bàsíà, ó da omi nù, ó lọ síbi tí omi odò ti ń jáde láti inú yanrìn kó tó gun táǹkì, ó bu ti ibẹ̀. Omi yẹn mọ́ gaara tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n rí àwòrán òdòdó ìsàlẹ̀ bàsíà. Ó tún bu ti táǹkì. Òdòdó náà pọ́n.

Ó gun àkàbà, ó ká ewé òkè. Ewé tútù ni. Ó ká èyí tó tẹ̀ lé e. Ó ti rọ. Sábẹ́ ìyẹn, ewé tó ti jábọ́ láàárín ọ̀pá wà nínú omi, ó dúdú, ó rọ̀, ó ń yọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ jíjẹrà. Omi tó ń wọ́n láràárọ̀ ló ń fọ omi ara ewé wọ̀nyí sínú táǹkì. Ó jókòó sórí àkàbà.

“Kí lẹ rí?” ni Florence béèrè.

“Apẹ̀rẹ̀ obì,” ni ó wí.

Ó tẹ Adérìnsọ́lá láago níbẹ̀, lórí àkàbà. Ó sọ ti ewé fún un. Nígbà tó wà lẹ́nu ẹ̀, ó sọ ti okùn pẹ̀lú.

“Ẹ sún aṣọ mọ́ iná, Bàbá?”

“Òtútù ló ń mú un.”

Ẹ̀rín gba Adérìnsọ́lá, ó rín in títí Bámigbóyè fi wo fóònù bóyá ó ti bàjẹ́.

“Bàbá, ẹ̀bi wa méjèèjì ni. Ó yẹ kí n gun àkàbà. Ẹ gbọ́. Ẹ rò ó bí àwo ẹran níbi ìkórè. Wọ́n gbé e wọlé láti iwájú. Bí àwọn ọmọdé bá kún ìjókòó iwájú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, kí ló máa kàn yín?”

“Omi ọbẹ̀.”

“Iná ni ẹran. Àwọ̀ ewé yẹn ló jókòó síwájú, ó ń mú iná jẹ. Iná kò dé ọ̀dọ̀ oògùn, kò dé ògiri. Ìwọ̀nba oògùn tó sì ráyè bínú, ewé náà ló tún ń bù jẹ, kò ráyè ti oògùn kòkó. Èmi wá tún da oògùn kún un. Oògùn tó bá pọ̀ jù, ara wọn ni wọ́n máa ń bá jà.”

“Kí ni ká ṣe?”

“Ẹ kó ewé kúrò, ẹ fọ táǹkì, ẹ da oògùn padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ gbé aṣọ padà sára ògiri. Àti pé, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bó bá tún ṣókùnkùn, ẹ má wò ó sàn.”

Wọ́n ṣe é lọ́jọ́ náà. Florence kò lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ mọ́. Bámigbóyè ń kó ewé jù sílẹ̀ láti òkè, Florence wọ inú táǹkì tó ti gbẹ, ó ká aṣọ sókè, ó ń fi kànrìnkàn fọ ògiri. Láàárín iṣẹ́, ó dúró.

“Bàbá Kẹ́mi.”

“Ẹn.”

“Ká ní mo pa ẹnu mi mọ́ nípa bàsíà yẹn ni, ilé bàbá mi ni ẹ̀rọ yìí ń lọ.”

Bámigbóyè wo inú táǹkì láti òkè. Kò tíì rò ó bẹ́ẹ̀.

“Kí ló dé tí o kò pa á mọ́?”

“Ìgbà wo ni mo pa á mọ́ rí?” ni Florence wí, ó sì ń fọ ògiri lọ.

Nígbà tí omi tuntun kún táǹkì tó sì ṣàn wọ àgbá, Bámigbóyè béèrè aṣọ wo ni kí òun so kọ́ ara ògiri. Florence wo etí gèlè náà. Ó wo gèlè tí wọ́n gé.

“Ó ti bàjẹ́ náà,” ni ó wí. “Ẹ so ó.”

Ó so ó kọ́ ibi tó jìnnà jù. Ó tan iná. Florence ló kọ́kọ́ yọjú níbi gíláàsì. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbójú kúrò, ó ní látọjọ́ tí òun ti ń wé gèlè náà, kò tàn bẹ́ẹ̀ lórí òun rí.

Ìgbìmọ̀ wá ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n bu omi, wọ́n lọ. Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ni Adérìnsọ́lá pè. Gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ló dúró yí Bámigbóyè ká, súrúpílíìsì tirẹ̀ kúrú lẹ́yìn.

“Bàbá Olómi, omi yín yege. Ẹ̀rọ ti di ti Ìjurin.”

Wọ́n pariwo. Ruth ní omi náà yóò tún padà di ti ìwẹ̀ ọmọ tuntun báyìí. Bámigbóyè ní kí ó gbé e sínú ìkòkò amọ̀ nílé rẹ̀, iṣẹ́ tòun kò kọjá ẹnu ẹ̀rọ.

Fóònù Florence ló tún dún. Bọ́lárìnwá ti gbọ́.

“Àǹtí mi, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ rí i pé omi pọ́n?”

“Èmi ni.”

“Ẹ̀yin, ọmọ Ìdó-Ilé?”

“Bọ́lárìnwá, wọ́n gé gèlè mi. Nígbà tí inú bá ń bí mi, mi ò mọ ìlú.”

Bámigbóyè ṣàánú àna rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ náà, ó rọ omi ẹ̀rọ kún jálá ńlá kan, ó fún ọlọ́kadà tó ń lọ sí Ìdó-Ilé, ó ní kó gbé e fún Bọ́lárìnwá, kí àwọn náà tọ́ ọ wò títí tiwọn yóò fi dé. Ọjọ́rọ̀ ni. Ìgbà tí ọ̀sán pọ́n gan-an ni Bọ́lárìnwá pè.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé o, mo rí omi. Ṣùgbọ́n ó gbóná.”

Bámigbóyè wo Florence. Florence ti fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Fi ewé bò ó,” ni Bámigbóyè wí, ó sì pa fóònù.